Ẹnu ọ̀nà méjì: bí Ubuntu ṣe wọ kọ̀ǹpútà ilé wa tí a kò sì rí i

Kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé wà ní pálọ̀ wa n'Íbàdàn, lórí tábìlì kékeré lẹ́bàá fèrèsé. Tọ́kunbọ̀ ni, ti orí tábìlì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé sínú báàgì. Intel Core i5 ìran kẹfà ló wà nínú rẹ̀, RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, hard disk rẹ̀ jẹ́ 500 GB. Windows 10 la bá lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tá a rà á. Gbogbo ilé ló ń lò ó, àmọ́ ká sọ tòótọ́, ìyàwó mi ló ni ín. Aṣọ ló ń tà ní Gbági. Inú Excel tó wà lórí kọ̀ǹpútà yìí ló ń kọ orúkọ àwọn tó gba aṣọ ẹbí láwìn sí: iye ọ̀pá, iye tí oníkálukú ti san, iye tó kù lọ́rùn wọn. Ẹ fi ìwé gbèsè yìí sọ́kàn, torí òun ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa ní gbogbo ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbà.

Ohun tó gbé Ubuntu wọ ọ̀rọ̀ (OS ni, ìyẹn ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ìdílé Linux ló sì ti wá) ni pé àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14, oṣù October, ọdún 2025, ìran kẹfà tiwa kò sì sí lára àwọn tí Windows 11 gbà. Ẹ̀rọ náà ò ṣe nǹkan kan, ara rẹ̀ le. Ọmọkùnrin mi, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, mú flash kan bọ̀ láti ilé-ìwé. Ubuntu 22.04 wà lórí rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ti ṣe é sílẹ̀, nítorí náà a ò ní láti fi dátà tó lé ní 3 GB ṣòfò.

Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Mọ́mì á máa lo tiwọn, èmi á máa lo tèmi."

Ìyàwó mi gbọ́ láti kíṣìnnì. "Mo ti gbọ́ o. Tí orúkọ ẹyọ ẹnì kan bá sọnù nínú ìwé gbèsè mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa san án."

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mi ò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń tú kọ̀ǹpútà ilé wa palẹ̀ tí mo sì ń tún un tò, ìyẹn sì ti tó láti fún èèyàn ní ìgboyà tó ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Sátidé la bẹ̀rẹ̀. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo da gbogbo fáìlì ìyàwó mi sórí hard disk àfọwọ́gbé kan, mo yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Lẹ́yìn náà mo pa ohun tí wọ́n ń pè ní Fast Startup lórí Windows. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé tí ẹ bá tẹ Shut down lórí Windows 10, kì í kú tán. Ó máa ń da apá kan ara rẹ̀ pa mọ́ sínú fáìlì kan lórí disk kí ó lè tètè jí nígbà míì. Oorun ló ń sùn. Tí OS mìíràn bá wá lọ tú ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń sùn, fáìlì lè bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí Linux fi sábà máa ń kọ̀ láti kọ nǹkan sórí disk tí Windows kò bá pa dáadáa. Àṣẹ kan ló ń pa á. A ó ṣí Command Prompt ní "Run as administrator", a ó tẹ èyí:

powercfg /h off

Mo ṣí Disk Management, mo gé 100 GB kúrò lára C, ìyẹn ibi tí Windows wà lórí disk. Mo dúró kí inverter kún kí n tó ṣe èyí, torí kọ̀ǹpútà orí tábìlì ò ní bátìrì, tí wọ́n bá mú iná lọ níbi tó ti ń gé disk lọ́wọ́, Ọlọ́run ló mọ ibi tó máa já sí. Iná ò lọ. Ó gé e láìsí wàhálà.

Ọmọ mi ló ṣe ti àkọ́kọ́. Ó ki flash bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó tàn án, ó ń tẹ F12 léraléra títí àkọlé kékeré kan fi jáde tó ń béèrè ibi tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ ti gbéra. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà míì, F9 tàbí Esc ni. Ó pè mí.

"Dádì, ó kọ flash wa lẹ́ẹ̀mejì o. Èwo ni ká tẹ̀?"

Mo wà lórí àga, mo ń wo fóònù. Mo ní, "Ọ̀kan náà ni. Tẹ èyí tó wà lókè." Ó tẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Ubuntu jáde, ó béèrè èdè, ó béèrè irú kíbọ́ọ̀dù. (Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú àwọn tó tò sílẹ̀, lábẹ́ Nàìjíríà. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ.) Nígbà tó dé ibi pípín disk, ọmọ mi yan "Something else" kí ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí 100 GB tá a gé sílẹ̀. Ohun tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní partition, ìpín ni èmi máa pè é níbí. Ó fi gbogbo àyè náà ṣe ìpín kan fún Ubuntu, ó tẹ Install Now. Ìkìlọ̀ kan yọ, gígùn bí ìwé adájọ́, ó ń sọ pé irú tábìlì ìpín (àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín disk) tó wà lórí disk yìí sábà máa ń nílò ìpín kékeré kan lọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní "Reserved BIOS boot area", tí kò gbọ́dọ̀ kéré sí 1 MB, àti pé tí a ò bá padà lọ ṣe é, ó lè bàjẹ́ níwájú. Bọ́tìnnì méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, Go Back àti Continue. Ọmọ ogún ọdún ni. Ó tẹ Continue.

Ó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, àpótí kan yọ láàárín:

Executing 'grub-install /dev/sda' failed. This is a fatal error.

GRUB ni ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ̀rọ bá ń jí, tó ń béèrè pé OS wo la fẹ́ bá lọ. Wọ́n kó gbogbo ẹrù Ubuntu wọlé tán, ẹ̀ṣọ́ ni kò ríbi dúró sí. A tún ẹ̀rọ tàn. Windows jáde bó ṣe wà. Ìyàwó mi ṣí Excel níṣojú wa, ó ń fa orúkọ wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ lè máa bá eré yín lọ."

Èmi ni mo ṣe ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo bá ọmọ mi wí díẹ̀ pé kò ka ohun tí ẹ̀rọ sọ fún un. Èmi kà á. Mo pa ìpín tó ṣe rẹ́, mo gé 1 MB sọ́tọ̀, mo fi àmì "Reserved BIOS boot area" sí i gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí, mo fi èyí tó kù ṣe ìpín Ubuntu. Lọ́tẹ̀ yìí, ìkìlọ̀ kankan ò yọ. Àpótí kankan ò sì yọ láàárín. Ó ní ó ti parí, kí a tún ẹ̀rọ tàn. Mo yíjú sí ọmọ mi bí olùkọ́ tí iṣẹ́ yé. A tàn án.

Windows.

Kò sí ẹ̀ṣọ́, kò sí àkọlé dúdú, kò sí ìbéèrè. Windows tààrà, bí ẹni pé a ò ṣe nǹkan kan. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kàn yí ibi tí wọ́n kọ "Device for boot loader installation" sí padà láti sda, ìyẹn disk lápapọ̀, sí sda6, ìyẹn ìpín Ubuntu. Windows náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú flash, mo ní ọ̀rẹ́ ọmọ mi ò ṣe é dáadáa. Ọmọ mi ní láti padà sílé-ìwé, ó lọ, ojú rẹ̀ ò dùn.

Ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mo ń pa làpálàpá. Ìpín 1 MB yẹn pa ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́, ó pa àpótí àṣìṣe rẹ́, àìsàn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tiẹ̀ burú ju ti ọmọ mi lọ, torí nígbà tirẹ̀ ẹ̀rọ pariwo pé nǹkan kan ò tọ́, nígbà tèmi ó dákẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè ni ojú mi là díẹ̀. Flash ò sí lára ẹ̀rọ mọ́. Mo kàn tẹ F12 láti wo ohun tó máa kọ. Ìlà méjì ló jáde. Lókè, "Windows Boot Manager". Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ hard disk wa gan-an, lẹ́tà àti nọ́ńbà bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sára rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Mo rò ó pé kí ló dé tí disk kan ṣoṣo fi ní ìlà méjì? Mo tẹ ìsàlẹ̀. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, àmì Ubuntu yọ, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí èmi fúnra mi fi sí i lánàá.

Ó ti wà nínú ilé láti ọjọ́ Sọ́ńdè.

Mo wọlé, mo wá Windows kiri, mi ò rí ọ̀nà tí mo lè gbà dé ibẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ubuntu. Tí mo bá tẹ ìlà òkè, Windows á jáde, kò mọ̀ pé Ubuntu ń gbé ilé. Tí mo bá tẹ ti ìsàlẹ̀, Ubuntu á jáde. Orí disk kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé ni kò pa pọ̀.

Níbí ni mo ní láti dúró díẹ̀, torí ọkàn ọ̀rọ̀ nìyí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí, ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe Windows tàbí Ubuntu. Ètò kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, lórí pátákó rẹ̀, tó ń wá OS kiri láti fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà IBM PC ọdún 1981 ni wọ́n ti ń pè é ní BIOS. Ọ̀nà BIOS kò le rárá: ó lọ sí ibi àkọ́kọ́ pátápátá lórí disk, báìtì 512 péré, ó ka ohun tó bá bá níbẹ̀, ó sì ṣe ohun tó ní kí ó ṣe. Ìyókù ò kàn án. Lẹ́yìn náà ni UEFI dé. Òun kì í wo ibi àkọ́kọ́ yẹn. Ó ń wá ìpín kan tí wọ́n ṣe ní FAT32, tí wọ́n ń pè ní EFI System Partition, fáìlì gidi ló sì ń wá nínú rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ wa, ìpín yẹn jẹ́ 100 MB, fáìlì Windows sì wà níbẹ̀ ní /EFI/Microsoft/Boot/bootmgfw.efi. Orúkọ àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ni UEFI ń kọ sínú ìrántí ara rẹ̀, ìwé orúkọ yẹn ló ń kà fún wa nígbà tá a bá tẹ F12.

Àwọn ẹ̀rọ ayé ìran kẹfà yìí wà láàárín méjèèjì. UEFI ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ẹni tó bá fẹ́, CSM tàbí Legacy ni wọ́n ń kọ sí i. Ìdí nìyẹn tí flash fi jáde lẹ́ẹ̀mejì lójú ọmọ mi: ìlà kan fún ẹnu ọ̀nà àtijọ́, ìlà kan fún tuntun. Èyí tó wà lókè tí mo ní kó tẹ̀, ti àtijọ́ ni. Ẹnu ọ̀nà tí flash bá sì gbà wọlé ni Ubuntu máa ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé Windows tó bá nílé ẹnu ọ̀nà kejì ló ń gbà.

Ìkìlọ̀ gígùn yẹn náà wá yé mi. GPT, irú tuntun, ni tábìlì ìpín disk wa. Lórí disk ìgbà àtijọ́, àyè kékeré kan máa ń ṣófo lẹ́yìn báìtì 512 yẹn, ibẹ̀ ni GRUB ń kó ìyókù ara rẹ̀ pa mọ́ sí. Lórí GPT àyè yẹn ò sí lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́, tábìlì fúnra rẹ̀ ti jókòó lé e, ìdí nìyẹn tó fi ń tọrọ 1 MB. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà àtijọ́ lórí GPT nílò rẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí n bi ara mi ni pé kí ni mo ń wá lọ́nà àtijọ́.

Mo fi nǹkan méjì dán an wò kí n tó gbà. Lórí Windows, mo tẹ msinfo32, mo wá ìlà tí wọ́n kọ "BIOS Mode" sí. UEFI ló wà níwájú rẹ̀. Lórí Ubuntu, mo ṣí terminal, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, mo tẹ:

ls /sys/firmware/efi

Ó ní "No such file or directory". Tí Ubuntu bá gba ọ̀nà UEFI jí, fódà yẹn gbọ́dọ̀ wà. Kò sí. Ẹ̀rí dé.

Mo pe ọmọ mi. Mo ti fẹ́ máa ṣàlàyé fún un nígbà tó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Dádì, ẹ rántí sà pé ó kọ flash lẹ́ẹ̀mejì." Mo ní mo rántí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni.

Mo ki flash bọ̀ ọ́ padà, mo tẹ F12, mo fara balẹ̀ wò ó. Lóòótọ́, orúkọ flash lásán wà lókè. Nísàlẹ̀, orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi "UEFI:" ṣáájú rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin ló gba gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Mo lè tún gbogbo rẹ̀ gbé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́nà UEFI, ó máa ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ tẹ àṣẹ, ohun tí mo máa gbà á níyànjú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ti sú mi, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè kó ẹ̀ṣọ́ láti ẹnu ọ̀nà kan lọ sí èkejì láìtú ilé. Mo gba UEFI wọlé láti orí flash, mo yan "Try Ubuntu", mo fi wáyà so fóònù mọ́ ẹ̀rọ fún íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fi lsblk -f wo àwọn ìpín: sda1 ni ti EFI, sda3 ni Windows, sda5 ni 1 MB tèmi, sda6 ni Ubuntu. Nọ́ńbà ti ẹ̀rọ yín lè yàtọ̀, ẹ wo tiyín kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Mo wá tẹ:

sudo mount /dev/sda6 /mnt
sudo mkdir -p /mnt/boot/efi
sudo mount /dev/sda1 /mnt/boot/efi
for d in dev proc sys run; do sudo mount --bind /$d /mnt/$d; done
sudo chroot /mnt

Ohun tí àwọn ìlà yìí ń ṣe ni pé wọ́n ń jẹ́ kí n wọ inú Ubuntu tó wà lórí disk láti orí flash, kí n máa pàṣẹ níbẹ̀ bí onílé. Nígbà tí mo dé inú rẹ̀:

apt update
apt install grub-efi-amd64 grub-efi-amd64-signed shim-signed
grub-install

Apt, ètò tó ń gbé nǹkan sórí Ubuntu, sọ pé òun máa yọ grub-pc kúrò, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ àtijọ́. Mo ní kó yọ ọ́. Àmọ́ grub-install ráhùn: "EFI variables cannot be set on this system." Èyí dá mi dúró fún bí ìdajì wákàtí. Ìwé orúkọ UEFI yẹn, láti inú /sys/firmware/efi/efivars ni Linux ti ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, ibi yẹn sì jẹ́ ìsokọ́ ọ̀tọ̀ lábẹ́ /sys. --bind tí mo lò kò mú ohun tó wà lábẹ́ /sys dání. Mo jáde kúrò nínú chroot, mo fi --rbind ṣe ti /sys, mo padà wọlé:

exit
sudo mount --rbind /sys /mnt/sys
sudo chroot /mnt
grub-install

Ó dáhùn: "Installing for x86_64-efi platform." Lábẹ́ rẹ̀: "Installation finished. No error reported." Mo kà á sókè. Ìyàwó mi béèrè láti yàrá pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ó ku nǹkan méjì. Ubuntu gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kí òun máa so ìpín EFI mọ́ra nígbàkígbà tí òun bá jí, kí ó lè rí i tí GRUB bá ní àtúnṣe. Mo fi blkid wo UUID sda1, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, mo fi ìlà kan kún /etc/fstab:

UUID=(nọ́ńbà tiyín) /boot/efi vfat umask=0077 0 1

Èkejì, mo tẹ update-grub, ó sọ fún mi pé òun ò ní ṣiṣẹ́ os-prober, ìyẹn ètò tó ń wá àwọn OS míì kiri. Láti GRUB 2.06 tó jáde lọ́dún 2021 ni wọ́n ti pa á nítorí ààbò. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Windows ò ní sí lórí àkọlé. Mo ṣí /etc/default/grub, mo fi èyí sí i:

GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false

Mo tún update-grub tẹ̀. Ó gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wá kọ ọ́: "Found Windows Boot Manager on /dev/sda1@/EFI/Microsoft/Boot/bootmgfw.efi". Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ flash, mo tàn án. Àkọlé dúdú náà jáde. Ubuntu wà lókè, Windows wà nísàlẹ̀. Mo wọ ọ̀kan, mo jáde, mo wọ èkejì. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ojú ìwé ètò ẹ̀rọ, tí wọ́n ṣì ń pè ní BIOS, mo pa Legacy, kí ẹnikẹ́ni má tún lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn. Ẹ má ṣe ìyẹn lórí kọ̀ǹpútà tí Windows rẹ̀ bá ń lo Legacy o, kò ní jí mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi msinfo32 wò ó.

Mo rò pé ó ti parí. Ní àárọ̀ Wẹ́sìdé, ìyàwó mi ṣí Windows, ó wo agogo rẹ̀, ó wo ti fóònù. "Dádì, kí ló dé tí kọ̀ǹpútà yìí fi wákàtí kan rẹ̀yìn?"

Mi ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, àmọ́ wákàtí kan géérégé ni. Agogo kékeré kan wà lórí pátákó ẹ̀rọ tó ń rìn kódà tí iná ò bá sí. Windows gbà pé àkókò ìlú tí a wà ni agogo yẹn ń kà. Ubuntu gbà pé UTC, àkókò tí gbogbo ayé fi ń ṣe ìwọ̀n, ló ń kà, ó sì tún un ṣe sí UTC nígbà tó rí íntánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù mi. Wákàtí kan ni Nàìjíríà fi ṣáájú UTC, nítorí náà Windows ka aago mẹ́sàn-án nígbà tó jẹ́ mẹ́wàá. Mo wọ Ubuntu, mo tẹ:

timedatectl set-local-rtc 1

Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kìlọ̀ nípa àṣẹ yìí, ìkìlọ̀ wọn sì tọ̀nà fún ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń yí agogo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí OS méjèèjì lè fẹ́ yí i lọ́jọ́ kan náà. Àbúrò mi tó wà níbẹ̀, Windows ni mo ní kó tún ṣe, kó fi RealTimeIsUniversal sínú registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí, kó lè máa ka agogo náà sí UTC. Lọ́dọ̀ wa níbí, a kì í yí agogo, kò sí ohun tó máa dà rú.

Ìyàwó mi wá sọ pé òun ò fẹ́ máa rí àkọlé dúdú yẹn láràárọ̀, pé ó dà bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ń ṣàìsàn. Mi ò lè mú un kúrò pátápátá, ọmọ wa nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi Windows ṣe ẹni àkọ́kọ́, mo ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún péré:

GRUB_DEFAULT="Windows Boot Manager (on /dev/sda1)"
GRUB_TIMEOUT=5

Lẹ́yìn update-grub, tí kò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, Windows ló ń jáde fún un. Nígbà tí ọmọ wa bá ti ilé-ìwé dé, ó ń tẹ ọfà òkè kí márùn-ún tó pé.

Ìpín 1 MB yẹn ṣì wà níbẹ̀, sda5. Kò sí ẹni tó ń lò ó mọ́. Nígbà míì tí mo bá ṣí disk láti wò ó, mo máa ń rí i láàárín Windows àti Ubuntu, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, mi ò sì tíì yọ ọ́.